Ta ló ti eré ọmọ mi pa? Ìdáhùn fún ìyá kan ní Maryland

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní high school ti ń ṣe rehearsal eré kan láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí, aṣọ tó fẹ́ wọ̀ gan-an èmi ni mo rán an. Ọjọ́ Tuesday tó kọjá, pirínsípà kàn ní eré ò ní wáyé mọ́, pé àwọn òbí kan ń ráhùn. Ọmọ ò jẹun dáadáa látìgbà yẹn. Bàbá ẹ̀ ní kò ṣeé ṣe, pé wọn kì í fòfin de eré ní Amẹ́ríkà, pé ti Ògúnde nìyẹn, pé First Amendment, òfin tó dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀, wà níbí, ká lọ gbé lọ́yà kíá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan tuntun nìyí àbí ó ti wà tẹ́lẹ̀? Ṣé a lè pe ilé ìwé lẹ́jọ́?"

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rehearsal kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré náà la ń sọ. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, kẹ́ ẹ tètè mọ̀, ẹ̀yìn ìtàgé ni mo ti lo ìgbà mi, mo ń gbé àga, mo ń tan iná, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ college ní ìtàn tíátà. Ohun tó bá kan ìtàn màá sọ ọ́ dáadáa, ibi tó bá ti di ti kóòtù, màá sọ ibi tí mo mọ ọ́n dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọkọ yín lóhùn, torí ó jàre lápá kan, ó sì jẹ̀bi lápá kejì. Ibi tó ti jàre ni pé Amẹ́ríkà ò ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo rí tó ń ka ìwé eré kí wọ́n tó gbé e jáde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní in: láti 1737 títí di 1968, ìjòyè ààfin kan tí wọ́n ń pè ní Lord Chamberlain ló ń ka eré tuntun kó tó dé orí ìtàgé, tó bá ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á yọ ọ́ ni. Ti Ògúnde náà, ojúkorojú ni, ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Western Region bínú, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ ẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, àfìgbà tí ìjọba ológun dé ní 1966 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ ẹni tó na Ògúnde. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á na èèyàn tán, kò ní mọ ẹni tó na òun. Ọwọ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀, lónìí ọlọ́pàá ni, lọ́la ẹni tó ni ilé ni, lọ́túnla ẹni tó ń buwọ́ lu pámíìtì tàbí ẹni tó ń fúnni lówó. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má wá ẹni tó mú gègé dání nínú ìtàn yìí, kí wọ́n wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Tuntun kọ́ o. Eré èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, inú ìwé kóòtù la ti mọ̀ pé ó wáyé. 1665 ni, ní Accomack ní Virginia, kò jìnnà sí Maryland yín níbẹ̀ yẹn, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ṣe eré kan tó ń jẹ́ Ye Bare and Ye Cubb, ẹnì kan lọ fẹjọ́ wọn sùn. Kóòtù ní kí wọ́n gbé aṣọ eré wọn wá, kí wọ́n wá ṣe é lójú àwọn. Wọ́n ṣe é, kóòtù ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ni wọ́n bá ní kí ẹni tó fẹjọ́ sùn san owó kóòtù. Ó wù mí kí gbogbo ẹ̀ máa rí báyẹn. Ní Massachusetts, wọ́n ṣòfin ní 1750 pé kò gbọdọ̀ sí eré orí ìtàgé rárá, 1793 ni wọ́n tó fagi lé e, kódà nígbà tí àwọn aṣojú kóra jọ ní Philadelphia ní 1774 láti gbéjà ko ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ka eré mọ́ ìdíje ẹṣin àti ìjà àkùkọ pé ìnákúnàá ni, kí aráàlú jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ti àwọn aláwọ̀ dúdú, torí wọ́n máa ń fò ó tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Ní 1821, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Brown, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, dá tíátà kan sílẹ̀ ní New York, African Grove ni wọ́n ń pè é. Ẹrú ṣì wà ní New York nígbà yẹn o, 1827 ló tó parí níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ló ń ṣeré, aláwọ̀ dúdú ló ń wòran, Richard III ti Shakespeare sì ni wọ́n gbé jáde. Wàhálà gidi dé nígbà tí Brown gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Park Theatre, níbi táwọn funfun olówó ti ń wòran. January 1822, ọlọ́pàá ya wọlé, wọ́n kó àwọn òṣèré lọ. Ìwé ìròyìn ìgbà náà ní wọ́n ní kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní ṣe Shakespeare mọ́ kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀rọ̀ Shakespeare burú, ẹnu tó ń sọ ọ́ ni wọn ò fẹ́, àmọ́ ariwo àti ìdàrúdàpọ̀ ni wọ́n fi bojú. Ọmọkùnrin kan tó wà láyìíká tíátà yẹn, Ira Aldridge, kó ẹrù ẹ̀ lọ sí England ní 1824, ibẹ̀ ló ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ọkọ yín á ní First Amendment ńkọ́? Ó ti wà láti 1791, òótọ́ ni. Àmọ́ Congress, ìyẹn àwọn aṣòfin àpapọ̀, nìkan ló di lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, gómìnà, mayor, ọlọ́pàá àdúgbò, kò kàn wọ́n, 1925 ni kóòtù gíga jù lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Èyí ló jẹ́ kí ti 1923 ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, tó sì jọ ti ọmọ yín lójú mi. Sholem Asch, Júù láti Poland, ló kọ God of Vengeance ní èdè Yiddish tí àwọn Júù ibẹ̀ ń sọ. Bàbá kan wà nínú ẹ̀ tó ní ilé aṣẹ́wó nísàlẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọbìnrin ẹ̀ ń gbé lókè, ó wá náwó kí wọ́n bá òun kọ ìwé Tórà mímọ́ kan, ó fẹ́ gbé e sí yàrá ọmọ yẹn bí ẹni gbé ààbò sílé, kí ti ìsàlẹ̀ má bàa gòkè. Ọmọ ló sọ̀kalẹ̀, òun àti ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n ti ń ṣe eré yìí ní Yiddish ní New York láti 1907, àwọn kan bú wọn, àmọ́ wọn ò mú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó di Gẹ̀ẹ́sì, tó wá dé Apollo Theatre ní Broadway, àdúgbò àwọn tíátà ńlá New York, ní February 1923, ni iná ràn. Ẹni tí ohùn ẹ̀ ròkè jù nínú àwọn tó fẹjọ́ sùn, rábì ni, ó ní wọ́n ń tú àṣírí àwọn Júù síta fún aráyé. Ẹ rí i pé àwọn tèèyàn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ ráhùn. Wọ́n fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan Harry Weinberger tó gbé eré náà jáde, lọ́yà ni fúnra ẹ̀, àti àwọn òṣèré pátá, ní May júrì ní wọ́n jẹ̀bi, 200 dọ́là ni ìtanràn Weinberger àti ti Rudolph Schildkraut tó ṣe bàbá. Weinberger pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó borí ní 1925. Ó borí ṣùgbọ́n eré ti kú láti ọdún méjì, àwọn òṣèré ti fọ́n ká. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín gbọ́ apá yẹn dáadáa kó tó san owó lọ́yà.

Ọdún 1927 ni ọ̀rọ̀ wá kan kọ́kọ́rọ́ gan-an. Mae West, obìnrin tó padà di ìràwọ̀ fíìmù, kọ eré kan tó pè ní Sex, òun náà ló ṣe olórí òṣèré, ó ti ṣe é fún oṣù mẹ́sàn-án ó lé, ó ti lé ní 300 ìgbà. Alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù February, ọlọ́pàá ya bo tíátà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ti Sex, ti The Captive tó dá lórí obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, àti ti The Virgin Man. Àwọn tó ni The Captive gbà láti pa eré wọn tì, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Mae West kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 10 àti ìtanràn 500 dọ́là, ó lo ọjọ́ 8, ó jáde tán, òkìkí ẹ̀ tún wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀wọ̀n yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Èmi ò kà á sí. Ohun tó ṣe tíátà léṣe ni òfin tí ìpínlẹ̀ New York ṣe ní oṣù April ọdún yẹn, Wales Padlock Law, òfin àgádágodo. Ó ní bí kóòtù bá dá eré kan lẹ́bi, wọ́n lè ti ilé tí wọ́n ti ṣe é pa fún odidi ọdún kan. Kì í ṣe eré o, ilé. Ó sì ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin sórí ìtàgé. Ẹ wá rò ó wò. Ayálégbé ni ẹni tó gbé eré wá, ó lè fẹ́ jà dójú ikú, àmọ́ láńdílọ́ọ̀dù tó kọ́lé sí àárín Broadway, ṣé á jẹ́ kí wọ́n fi àgádágodo sí ilé òun fún ọdún kan torí eré ẹlòmíì? Òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ pé rárá, kí ọlọ́pàá tó gbọ́ rárá. Bí láńdílọ́ọ̀dù ṣe di ẹni tó ń ka ìwé eré nìyẹn, láìsí pé ìjọba san owó oṣù fún un. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lo òfin náà, The Children's Hour tó jáde ní 1934 dá lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn, ó lọ ní ìgbà 691 ní New York, kò sẹ́ni tó tì í, Boston ló ní kò lè wọ ìlú àwọn. Síbẹ̀ òfin yẹn wà nínú ìwé títí di 1967, ogójì ọdún gbáko.

Mo ti rí tèmi náà. Gbọ̀ngàn kékeré kan la háyà lọ́dún kan, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká ṣí eré, ẹni tó ni ibẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé eré wa ò ní wàhálà kankan lójú òun o, àmọ́ iná ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ò ṣiṣẹ́. Iná yẹn ò ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti mọ ibẹ̀. Mo ra bọ́ọ̀bù, mo gun àkàbà, mo pààrọ̀ ẹ̀, iná tàn. Ó gbójú sókè wò ó, ó ní ìlẹ̀kùn náà ńkọ́, pé ó ń há. Mo fi òróró sí ìlẹ̀kùn. Ó ní àga. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe iná là ń sọ, a padà wá gbọ́ pé ẹnì kan nínú àwọn tó ń dá owó fún un ló ti gbọ́ ohun tí eré náà dá lé lórí.

Nítorí náà tí mo bá kà nípa 1924, bí ẹni pé mo wà níbẹ̀ ni. Eugene O'Neill kọ All God's Chillun Got Wings, ọkùnrin dúdú fẹ́ obìnrin funfun, Paul Robeson ló ṣe ọkọ, ìyàwó á sì fẹnu ko ọwọ́ ọkọ ẹ̀ nínú eré. Fún oṣù mélòó kan ni ìwé ìròyìn fi pariwo, lẹ́tà ìhàlẹ̀ ń wọlé. Wọn ò rí ohun tí wọ́n máa fi ti eré náà pa. Àmọ́ àwọn ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, dúdú àti funfun tó ń ṣeré pọ̀ ládùúgbò, ọmọdé tó bá fẹ́ gorí ìtàgé sì gbọ́dọ̀ gba pámíìtì ní ọ́fíìsì mayor. Ọjọ́ 15 oṣù May, ọjọ́ tí eré fẹ́ ṣí gan-an, wọ́n ní àwọn ò fún wọn, pé àwọn ọmọ náà kéré jù. Ni olùdarí, James Light, bá jáde síwájú èrò, ó ka ìran àkọ́kọ́ yẹn fún wọn láti inú ìwé, ó kà á tán ló tó kúrò, wọ́n sì bá eré lọ.

Ti owó ni ó wá le jù, ẹ sì fara balẹ̀ síbí torí owó ìjọba ló ń gbé ilé ìwé ọmọ yín ró. Nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ dá Federal Theatre Project sílẹ̀ ní 1935 láti fún àwọn onítíátà níṣẹ́. 1937, Orson Welles àti John Houseman, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò náà, fẹ́ gbé eré olórin kan jáde, The Cradle Will Rock, Marc Blitzstein ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti yúníọ̀nù ni, ìgbà tí ìjà òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ irin gbóná sì ni. Ìjọba ò ní wọ́n fòfin de é o. Wọ́n ní owó ti dín, kò gbọdọ̀ sí eré tuntun kó tó di July. Ọjọ́ 16 oṣù June tí wọ́n fẹ́ ṣí i, wọ́n ti tíátà pa, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ àti gbogbo ohun èlò wà nínú. Èrò ti dúró síta pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá tíátà mìíràn kiri títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń gbé dùùrù yí ìlú ká, kò tíì mọ ibi tó ń lọ, àfìgbà tí wọ́n rí Venice Theatre, òṣèré àti òǹwòran fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, nǹkan bí ogún òpópónà. Wàhálà ò tíì tán, yúníọ̀nù àwọn òṣèré fúnra wọn tún ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ò gbọdọ̀ ṣe é lórí ìtàgé ibòmíì. Blitzstein bá jókòó nìkan sídìí dùùrù, ó lóun á ṣe gbogbo ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ orin obìnrin àkọ́kọ́. Ó ṣe díẹ̀, ohùn tín-ín-rín kan bọ́ sí i láti àárín ibi tí èrò jókòó, Olive Stanton ni, orin ẹ̀ ni, ó dìde lórí àga ẹ̀, ó ń kọ ọ́. Blitzstein dákẹ́, ó ń tẹ dùùrù fún un. Ẹlòmíì dìde lápá ọ̀hún, ẹlòmíì dìde lókè, báyẹn ni wọ́n ṣe eré náà tán láàárín àwọn òǹwòran, òfin ò kúkú sọ pé wọn ò gbọdọ̀ dìde lórí àga tí wọ́n jókòó sí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ Congress pe Hallie Flanagan tó jẹ́ olórí ètò náà, ó dárúkọ Marlowe, òǹkọ̀wé eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, aṣòfin kan sì bi í bóyá Kọ́múníìsì ni Marlowe yìí. Marlowe ti kú láti 1593. 1939, Congress ò fún ètò náà lówó mọ́, ó tán síbẹ̀. Boston ní tiwọn, ìwé àṣẹ ilé ìtàgé ló wà lọ́wọ́ mayor, ní 1929 ó ní Strange Interlude ti O'Neill ò gbọdọ̀ wọ̀lú, wọ́n bá gbé e lọ sí Quincy lẹ́bàá ibẹ̀, eré náà gùn débi pé wọ́n máa ń jẹ́ káwọn èèyàn jáde lọ jẹun láàárín, ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ nítòsí, Howard Johnson, ló jèrè ẹ̀, orúkọ yẹn kan náà lẹ ṣì ń rí lára hòtẹ́ẹ̀lì.

Ibi tí àwọn onítíátà ti rí ìsinmi gidi ni ọ̀rọ̀ eré olórin kan tó ń jẹ́ Hair. Ní 1971, àwọn kan fẹ́ háyà gbọ̀ngàn ìlú Chattanooga ní Tennessee láti ṣe é, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso gbọ̀ngàn ní kò ní ṣe ìlú láǹfààní. Wọn ò wo eré náà, wọn ò ka ìwé ẹ̀, wọ́n gbọ́ nípa ẹ̀ ni. Ẹjọ́ dé kóòtù gíga jù lọ, ní 1975 kóòtù ní eré orí ìtàgé náà ní ààbò First Amendment, pé ìjọba tó ni gbọ̀ngàn ò lè kàn ti ìlẹ̀kùn mọ́ eré kan báyẹn láìsí ìlànà tó máa tètè gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́. Òun ni mo rò pé ọkọ yín ní lọ́kàn, kò sì burú.

Àmọ́ ilé ìwé kọ́ nìyẹn. 1988, kóòtù kan náà sọ nínú ẹjọ́ Hazelwood, tó jẹ́ ti ìwé ìròyìn ọmọ ilé ìwé ní Missouri, pé ohun tó bá jáde lórúkọ ilé ìwé, tó fi mọ́ eré orí ìtàgé, ilé ìwé láṣẹ láti dá a dúró tó bá ti ní ìdí ẹ̀kọ́ tó bọ́gbọ́n mu. Olùkọ́ kan ní North Carolina yan eré kan fún àwọn ọmọ ẹ̀, àwọn kan ráhùn, wọ́n gbé e kúrò ní ilé ìwé yẹn, ó pẹjọ́, ní 1998 ó pàdánù. Kóòtù tó dá ẹjọ́ yẹn ló ń bójú tó Maryland náà. Nítorí náà ẹ lè pẹjọ́ o, àmọ́ bí mo ṣe rí i sí, ọ̀nà ẹ̀ gùn, ọmọ yín á ti parí high school kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́, lọ́yà tó mọ òfin ilé ìwé ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Kí ọmọ yín sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́. January 2023 ní Jacksonville ní Florida, ilé ìwé tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà gan-an ló ń kọ́ọ̀yàn, wọ́n dá Indecent dúró níbẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ju ọmọdé lọ, The Seagull ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Indecent yìí, ìtàn God of Vengeance ló ń sọ, eré tí wọ́n tì ní 1923 yẹn.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi: màá lọ bá pirínsípà pẹ̀lú sùúrù, màá ní kó kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ fún mi, màá sì bi í bóyá ó ti ka eré náà fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ̀yin náà kà á kẹ́ ẹ tó lọ, torí ó lè jẹ́ pé ibì kan wà níbẹ̀ tí kò ní tẹ́ ẹ̀yin náà lọ́rùn, kò sì yẹ kẹ́ ẹ wá mọ̀ ọ́n lẹ́nu ẹlòmíì. Bí wọ́n bá ní àwọn á gbà bí wọ́n bá yọ ojú ìwé méjì, kí olùkọ́ má tíì gbà o, ilé iṣẹ́ tó fún wọn láṣẹ láti ṣe eré kì í gbà kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan láìgba ìyọ̀ǹda, kí wọ́n kọ̀wé béèrè ná. Ẹ sì lè ṣe é níbòmíì, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìkàwé, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ti ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àṣẹ tí ilé ìwé gbà, ti ilé ìwé ni, ẹ máa ní láti gba tiyín kẹ́ ẹ sì sanwó ẹ̀, ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà á sì béèrè ohun tí eré yẹn dá lé lórí, ẹ má parọ́ fún un. Aṣọ tẹ́ ẹ rán ṣáà ti wà nílẹ̀. Tí ìwé pirínsípà bá dé ọwọ́ yín, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka òkè, kẹ́ ẹ wo orúkọ tó fọwọ́ sí i, bóyá tiẹ̀ ni àbí ti ẹlòmíì tó wà lókè ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí mi padà.